Típà Méjì Òkúta fún Ọ̀nà Màmá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe máa pọ̀ tó kó tó kárí ọ̀nà kan, kó bi ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, àmọ́ kó má bi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mo tún un sọ, kó má bi í. Táyà ló ń tà, ìlú kejì ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yọjú sí wa. Tó bá sì ti yọjú, gbogbo ohun tó wà nínú ilé ló mọ̀ ju àwa tá à ń gbé inú ẹ̀ lọ.

Ilé Màmá wa ni mò ń sọ. Èmi àti Màmá la jọ ń gbé e, yàrá iwájú ni mo ti ń ránṣọ. Láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé géètì, ilẹ̀ lásán ni. Bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrẹ̀. Bí oòrùn bá gan án, ó di gbágungbàgun. Síbẹ̀, ọ̀nà yẹn ni Màmá ń fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn. Láràárọ̀ ló ń gbà á lọ sí ìdí géètì, níbi tí bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà, kó lè jókòó wo ojú títì, kó kí ẹni tó ń kọjá, kó sì bú ẹni tí kò bá kí i. Ìyá ọ̀ọ́kán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, á sọdá wá bá a. Àwọn méjèèjì á jọ máa tú ọ̀rọ̀ àdúgbò palẹ̀ títí oòrùn á fi lé wọn wọlé.

Inú ẹrẹ̀ ọ̀nà yẹn náà ni apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nígbà tí mo gbọ́ igbe ìyá ọ̀ọ́kán. Nígbà tí mo sáré jáde, Màmá wà nílẹ̀, ẹrẹ̀ ti bo gèlè rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti dìde, ìdajì ara rẹ̀ kò dá a lóhùn. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é lọ́sibítù.

Ọ̀rọ̀ wá ń fà díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ẹnu náà kò kú rárá. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá mi sọ.

"Ìdí géètì mi ni mo fẹ́ padà sí."

"Ẹ ó padà síbẹ̀, Màmá."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé mi bí àpótí. Fúnra mi ni mo fẹ́ dé ibẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Búra."

Mo búra. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ ọ bó ṣe máa fi ọ̀pá rìn nígbà yẹn, ó sì dá mi lójú pé bí ọ̀nà bá ti dáa, ọ̀pá á gbé e dé ìdí géètì. Bí mo ṣe délé ni mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà àdúgbò wa, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ṣọ́bìrì rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Téèpù ìránṣọ mi la fi wọn ọ̀nà náà. Mo ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ níbi tí téèpù bá parí sí, kí n tó tún un nà. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ni gígùn rẹ̀. Mo ní kí ìbú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, kí Màmá àti ọ̀pá rẹ̀ lè ráyè, kí èmi náà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Gígùn ti wà, ìbú ti wà," ni bíríkìlà wí. "Ó ku bó ṣe máa nípọn tó. Ẹni tó máa fẹsẹ̀ rìn, íńṣì méjì ti tó o, àmọ́ kó jẹ́ òkúta kékeré, ká da ìyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, ká lù ú mọ́lẹ̀ kó le. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í nìyí, Àǹtí: wọ́n á fi ẹsẹ̀ bàtà wọn gígùn, wọ́n á fi íńṣì wọn nínípọn, wọ́n á wá pò ó pọ̀. Òkúta á ṣẹ́kù tó ilé! Íńṣì méjì, ìdá kan nínú mẹ́fà ẹsẹ̀ bàtà ni. Ọgọ́ta lọ́nà mẹ́rin, òjìlérúgba. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà, ogójì. Wílíbárò mi tó bá kún ń gba bíi mẹ́ta nínú ogójì yẹn. Wílíbárò mẹ́rìnlá, ẹ fi méjì lé e, torí ó máa ń wọlẹ̀ tá a bá lù ú."

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí aṣọ ló rí lójú mi. O wọn èèyàn, o gé aṣọ, o rán an.

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Ọ̀gá Táyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Ó dúró ní géètì, ó wo ilà tí mo fi ẹsẹ̀ ha sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èwo ni ọ̀nà ekòló yìí?"

"Ọ̀nà Màmá ni, Bọ̀dá."

"Mọ́tò wá ńkọ́?"

"Mọ́tò ta ni?"

"Mọ́tò mi! Èmi tí mo máa gbé Màmá wálé, ṣé títì ni kí n já a sí? Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo máa gbé e dé, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má kan ilẹ̀."

"Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ máa gbé e wálé, Bọ̀dá. Àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́?"

Ó ti lọ ṣí búùtù mọ́tò rẹ̀ láti mú téèpù onírin. Mo rí nǹkan ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé, ó gba búùtù tán, orí rẹ̀ ni téèpù náà wà.

"Kí nìyẹn?"

"Gbọ́ tìẹ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fi nǹkan dídùn pamọ́, ó sì pa búùtù dé.

Ó wá ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó wọ̀n ọ́n láti etí dé etí, bí mo ṣe máa ń wọn àyà oníbàárà. Ó ní ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ó ní bẹ́ǹṣì Màmá máa kúrò lọ́nà. Bàbá wa ló ri ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì yẹn mọ́lẹ̀ kó tó kú, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju géètì fúnra rẹ̀ lọ.

"Báwo ló ṣe máa nípọn tó, ọ̀gá?" Bíríkìlà ti dé, ó ti gbóòórùn iṣẹ́ ńlá.

"Íńṣì mẹ́fà. Òkúta funfun róbótó ni mo fẹ́, irú èyí tó máa ń wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì."

"Ọgọ́ta lọ́nà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀ta. Íńṣì mẹ́fà, ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀ọ́dúnrún." Ojú rẹ̀ ń dán. "Ọgọ́rùn-ún wílíbárò, ọ̀gá! Típà méjì ni."

"Ìwọ lo sọ lánàá pé íńṣì méjì ti tó," ni mo wí fún un.

"Àǹtí, àná nìyẹn."

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní òkúta róbótó kì í gbá ara mú. Bí ọ̀pá Màmá bá kàn án, ńṣe lá máa yẹ̀, Màmá á sì tún ṣubú. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, mo sọ ọ́ kíkan. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ta ló ń sanwó ẹ̀?" ni ó bi mí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe yẹn dáadáa, síbẹ̀ ìdí ẹ̀rọ mi ni mo padà sí. Inú ń bí mi débi pé aṣọ oníbàárà tí mo ń rán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìfàyà ni mo fà á ya.

Típà méjèèjì dé. Wọ́n dà á gbùúrùù, eruku wọ yàrá iwájú bá mi, ó bo gbogbo aṣọ tí mo gé kalẹ̀. Wọ́n hú bẹ́ǹṣì, wọ́n jù ú sẹ́yìnkùlé, wọ́n fi réèkì tẹ́ òkúta náà títí tó fi tẹ́jú. Ká má parọ́, ó rẹwà. Ó funfun gbòò láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì, àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó, wọ́n ń ní Màmá bímọ ire. Mo pa fèrèsé mi dé.

Ọjọ́ tí wọ́n dá Màmá sílẹ̀ lọ́sibítù, mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi wọlé geere, òkúta ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ táyà rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí lóòótọ́. Mo gbé ọ̀pá Màmá dání, mo ti nù ún, mo ti fi rọ́bà tuntun sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀, kò wo ọ̀pá náà, ó lọ ṣí búùtù. Ó fa nǹkan ńlá yẹn jáde, ó ya ọ̀rá dúdú ara rẹ̀, ó na ọwọ́ bí oníṣòwò tó ń polówó ọjà.

"Màmá, ẹ wo ohun tí mo rà fún yín!"

Àga onítáyà ni.

Ó ní dókítà ti pe òun tí òun ń sanwó ọsibítù láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ó ti sọ fún òun pé ẹsẹ̀ òsì Màmá kò ní lè gbé e mọ́, pé ọ̀pá kò ní wúlò. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni torí òun fẹ́ kí àga náà ya gbogbo wa lẹ́nu. Ẹ gbọ́ mi o. Àga yẹn wà nínú búùtù lọ́jọ́ tó ń wọn mọ́tò. Orí rẹ̀ ló ti mú téèpù.

Màmá wo àga náà títí. Lẹ́yìn náà ló gbà kí a gbé òun jókòó sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pa táyà rẹ̀ lára.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ó sáà ní táyà. Á gbé mi dé ìdí géètì. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi tì í. Àga náà kúrò lórí pèpéle ẹnu ilẹ̀kùn, ó bọ́ sórí òkúta, táyà kéékèèké tó wà níwájú sì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ọwọ́ tì í, kò lọ. Ó fi àyà tì í. Ẹ̀yìn àga dìde, Màmá sì dà síwájú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà nítòsí, mo jan ọ̀pá mọ́lẹ̀, mo di Màmá mú. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló kù kí ojú rẹ̀ kan òkúta.

Màmá gbójú sókè, ó wo ọ̀nà náà títí dé géètì.

"Bẹ́ǹṣì mi dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ gbé mi wọlé," ni Màmá wí.

A sì gbé e wọlé bí àpótí.

Nígbà tí mo jáde padà, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹsẹ̀ tún òkúta ṣe níbi tí àga ti gbẹ́ ẹ. Láti kékeré, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ náà, mi ò rántí.

"O mọ̀," ni mo wí.

"Ta lò ń pè ní 'o'?"

"Ìwọ ni! Àga yẹn wà nínú búùtù rẹ! O mú téèpù lórí ẹ̀, o fi wọn mọ́tò, o pa búùtù dé! Kí ló ṣe ọ́ lójú?"

"Mo fẹ́ kínú Màmá dùn ni."

"Wọlé lọ wò ó bínú ẹ̀ ṣe ń dùn."

"Ṣé èmi ni mo dá àìsàn ẹ̀ ni? Tó bá fẹ́ jáde, ẹ pè mí, màá wá fi mọ́tò gbé e."

"Láti ìlú kejì? O máa wá láti ìlú kejì kó o wá gbé e rin ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà?"

Ó ní mi ò lọ́wọ̀ mọ́. Ó ní owó tí òun ná sórí ọ̀nà yìí, ọmọ mìíràn ò lè ná an. Ó wọ mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ fìrì, táyà rẹ̀ ta òkúta lu ilẹ̀kùn mi.

Láti ọjọ́ yẹn, ojú fèrèsé ni Màmá ń jókòó sí. Ìyá ọ̀ọ́kán wá kí i, ó dúró ní géètì, ó fi ẹsẹ̀ kan òkúta wò, ó yọ ọ́ padà. Orúnkún tirẹ̀ náà ti darúgbó, kò lè gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe láti ibẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ara le?"

Màmá dáhùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò jáde tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá ọ̀ọ́kán gbé ọwọ́ sẹ́tìí. Màmá tún un sọ. Kò gbọ́. Ó juwọ́ sí i, ó padà sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, Màmá kò dáhùn mọ́, ńṣe ló kàn ń gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Mo wà nídìí ẹ̀rọ mi, mò ń wo ọwọ́ yẹn, mo sì ń gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣépè nínú ikùn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, Màmá ní, "Mú téèpù rẹ wá."

Mo mú un wá.

"A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ wọn ilẹ̀, ẹ wọn mọ́tò. Ó yá, wá wọn èmi náà."

Mo kúnlẹ̀, mo na téèpù láti etí táyà kan dé èkejì.

"Fi ìgúnpá mi kún un," ni ó wí. Mo fi kún un. "Fi ọ̀rẹ́ mi kún un. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń rìn, ó sì ti sanra." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.

Mo pe bíríkìlà. Ó dé, ó gbọ́ ohun tí a fẹ́: ká kó òkúta kúrò ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì, ká da kankéré tó tẹ́jú síbẹ̀, kí pèpéle sì dà gẹ̀rẹ́ wá bá a. Ó họrí.

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, Àǹtí? Ṣé wọ́n gbọ́ sí i?"

Ohùn Màmá ti ojú fèrèsé wá. "Ilé ta ni?"

Bíríkìlà wo fèrèsé, ó wo òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò kíá. Ó ní sìmẹ́ǹtì àti yanrìn nìkan la máa rà. Òkúta ti wà nílẹ̀ tó lè kọ́ ilé kejì. Èmi náà gbé ṣọ́bìrì. Ọwọ́ mi bó, ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò dúró. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìbínú mọ iṣẹ́ ṣe. Nígbà tó ku bẹ́ǹṣì, a bi Màmá ibi tó fẹ́ ká rì í sí.

"Ibi tí ọkọ mi rì í sí."

Kankéré gbẹ. Màmá kọ́ ara rẹ̀ láti máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí táyà, kó sì máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ́ ilẹ̀ kí àga má bàa yà sí òsì. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ó ń lọ, ó ń dúró mí, ó ń bú àga, ó tún ń lọ. Ọjọ́ tó dá dé ìdí géètì, ìyá ọ̀ọ́kán ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè é, ó ń sunkún, Màmá sì bi í bóyá ẹni kan ló kú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún dé. Ó yà sí géètì, ó rí bẹ́ǹṣì, ó rí àga Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọn fèrè mọ́tò. Kò sẹ́ni tó mira. Ó yọ orí jáde.

"Màmá, ẹ kúulé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún bẹ́ǹṣì yẹn kí n ráyè wọlé."

"Ṣé téèpù rẹ wà ńbẹ̀?" ni Màmá bi í.

"Ó wà ńbí, mà."

"Sọ̀kalẹ̀ kó o wọ̀n ọ́n. Tó bá gbà ọ́, máa bọ̀."

Ìyá ọ̀ọ́kán fi etí aṣọ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èmi náà wò ó, mi ò kí i. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ìyá méjèèjì. Nígbà tó dìde ló rí kankéré náà dáadáa. Ojú rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó padà wá sórí táyà àga.

"Màmá, mo rò pé..."

"Mo mọ̀. O rò ó," ni Màmá wí. "O ò bi mí."

Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa táyà, ó fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, ó yí àga náà padà kọjú sílé. Ẹ̀gbọ́n mi sáré na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àga láti tì í.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ó mú ọwọ́ kúrò. Ìyá ọ̀ọ́kán dìde, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibi tí a wọ̀n fún un, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀ lórí kankéré, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Kò sí àyè ẹnì kẹta níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sórí òkúta funfun rẹ̀, ó ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà rẹ̀ ń wọlẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. A ń gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí tí Màmá fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.